Òdòdó Inú Ìkòkò Aṣọ

Ìyá Àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba òdòdó náà jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí a kò bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan yóò máa di ẹ̀bi ru ọmọ, ẹlòmíràn yóò sì máa fẹjọ́ afẹ́fẹ́ sùn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Oòrùn wà ní àtàrí, òdòdó ń tanná lọ́wọ́, ó sì fa igi rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni tó ń fa adìyẹ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rì í mọ́ inú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se aṣọ funfun, ìkòkò tí ọmọ ọdún méjì lè wẹ̀ nínú rẹ̀ kó tún ráyè fi ẹsẹ̀ ta omi. Nígbà tó ṣe tán, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ìwọ náà ti donílé ńlá báyìí. Máa na ẹsẹ̀ ẹ."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Àgbà fẹ́ràn òwe yìí débi pé ó lè pa á lẹ́ẹ̀mejì nídìí oúnjẹ àárọ̀ kan ṣoṣo. Ọjọ́ yẹn ló wá rí i pé àgbà lè wà lọ́jà, kó sì jẹ́ ọwọ́ àgbà náà gan-an ni yóò wọ́ orí ọmọ.

Ká ní òdòdó lásán ni, à bá fi rẹ́rìn-ín, ká wá òmíràn gbìn. Àmọ́ ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ìkòkò yẹn.

Obìnrin mẹ́ta ló ń gbé ilé náà. Ìyá Àgbà ni àkọ́kọ́. Ó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ látìgbà tí ojú rẹ̀ àti ihò abẹ́rẹ́ ti di ọ̀tá ara wọn. Ó sanra, ó ń pariwo, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, ìdí rẹ̀ a máa bá àga jà. Èkejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Alágbàfọ̀, torí pé yàrá iwájú ilé ló ti ń fọ aṣọ àwọn ilé ìtura àti ẹ̀wù funfun àwọn dókítà, tó ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán. Alágbàfọ̀ kì í pariwo ní tirẹ̀. Bí inú bá bí i, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀: gbì, gbì, lórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, agbẹ́kànga ni. Agbẹ́kànga kì í sì í gbẹ́ kànga méjì sójú kan.

Ẹ̀kẹta wọn ni ọmọ Alágbàfọ̀. Ìyá Àgbà kì í pè é lórúkọ. "Orogún mi" ló ń pè é, torí pé nígbà tí bàbá àgbà wà láyé, "ìyàwó mi" ni bàbá náà máa ń pe ọmọ yìí, Ìyá Àgbà sì ní wọn ò lè fẹ́yàwó lé òun lórí kí òun má mọ ohun tí òun yóò máa pè é. Orogún ń kọ́ iṣẹ́ awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ìdánwò ìkẹyìn ló kù, kí wọ́n tó gbà á láàyè láti máa dá lọ dígí lórí ẹ̀rọ láìsí ẹni tó dúró tì í.

Níbẹ̀ ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti bá a. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún ojú irin rélùwéè ṣe ni, gírísì dúdú ti fi abẹ́ èékánná rẹ̀ ṣe ilé. Awò ojú rẹ̀ ti kán sí méjì, ó sì fi wáyà dì í láàárín bí ẹni di igi ìdáná.

"Ta ló di èyí?" Orogún bi í.

"Èmi ni."

"Ojú irin lẹ rò pé ó jẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ìdè awò náà ti tú. Orogún yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ojú ibi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ tú u. Ó dì í padà, àmọ́ kò dì í le, kó lè tètè tún tú. Ìyá Àgbà ló sọ èyí fún, Ìyá Àgbà sì rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láyà. Látọjọ́ náà ló ti ń pe ọkùnrin yẹn ní Olójú-irin, kó tó fojú kàn án rárá.

Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí ìyá ọmọ, ẹ̀rín tán.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" Alágbàfọ̀ bi ọmọ rẹ̀.

"Ó ń tún ojú irin ṣe, Màmá."

"Níbo?"

"Ibi tó bá ti bàjẹ́."

"Ibi tó bá ti bàjẹ́." Gbì, áyọ́ọ̀nù. "Ibo ni kì í bàjẹ́?"

Ìyá Àgbà mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ rẹ̀ ti bá agbẹ́kànga kó láti ìlú dé ìlú. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní oníbàárà, tó ń mọ orúkọ ọmọ aládùúgbò, ọkọ á dé, á ní omi ti yọ, ó yá ká máa lọ. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, kì í fẹsẹ̀ wá okùn nínú koríko.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àgbàrá gbá ojú irin lọ lápá ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì ní kí Olójú-irin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bọ̀. Ó wá kí ìyá ọmọ kó tó lọ. Ó gbé òdòdó kan dání nínú ike kékeré, pẹtúníà, ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu fèrè, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó gbọ́ná, etí rẹ̀ sì funfun báláú. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ló hú u fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"O ṣeun." Alágbàfọ̀ kò gbójú sókè.

"Wọ́n ń gbé wa lọ sí ìsàlẹ̀ odò, mà. Ojú irin ibẹ̀…"

"Mo ti gbọ́. Ó bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán ńkọ́?"

"Màá padà wá. Àmọ́ n ò ní purọ́ fún yín, mà. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí àwọn tó máa dúró síbẹ̀. Tí mo bá dé, mo fẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó kí n tó lọ gba ipò náà."

Gbì. Èéfín omi gbígbóná ru sókè láàárín àwọn méjèèjì. Olójú-irin rọra gbé ike náà sí etí tábìlì.

"Mo mú un wá fún yín, mà."

Alágbàfọ̀ wo òdòdó náà pẹ́, ju bí èèyàn ṣe ń wo ohun tí kò fẹ́ lọ. "Ẹni tí kò lè jókòó sójú kan ló ń gbé ohun tó ní gbòǹgbò lé èèyàn lọ́wọ́," ó ní. "Ó dáa. Fi sílẹ̀. Tó o bá dé, tó o bá a láàyè, màá fún ẹ lága, wàá jókòó, màá gbọ́ ohun tó o fẹ́ sọ. Tó bá ti kú, má wulẹ̀ yọ bàtà ẹ. Èmi ò sì ní bomi sí i o. N ò ráyè."

Lójú ọ̀nà, Ìyá Àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọkùnrin náà níhà. "Olójú-irin, fọkàn balẹ̀, jàre. Òdòdó lásán-làsàn. Mo tọ́ ọmọ, mo tọ́ ọmọ-ọmọ, mo tọ́jú ọkọ tó ń han-run bí ẹ̀rọ alọta. Èmi ni alárinà yín. Ọwọ́ mi lọ̀rọ̀ yìí wà."

Ẹ kò rí i bí? Ọwọ́ ẹ̀ náà ló wà lóòótọ́.

Ó fi ọmọkùnrin náà àti Orogún sílẹ̀ níta, àmọ́ kò lọ jìnnà. Ó dúró sẹ́yìn fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ká aṣọ, ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí Olójú-irin sọ fún Orogún.

"Tó o bá rí i tí gbòǹgbò ń yọjú nínú ihò ìsàlẹ̀ ike, tí omi tó o bù sí i ń ṣàn kọjá bí àlejò tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ilé ti há mọ́ ọn nìyẹn. Pè mí kó o tó fọwọ́ kàn án."

"Ṣé torí òdòdó nìkan ni kí n máa pè ẹ́?"

"Pè mí torí ohunkóhun. Pè mí, kó o sọ pé ìdè awò ojú kan tú."

Orogún fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà tó wà lẹ́yìn fèrèsé ti ká aṣọ kan náà títí, ó ti di ìwọ̀n àpò ìwé.

Òdòdó náà kò dójú tì wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Orogún ń bomi sí i láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń já èyí tó bá ti gbẹ lórí rẹ̀ dànù, òmíràn sì ń yọ. Ó kún bo ike, ó ń tú dà sílẹ̀ lójú fèrèsé. Alágbàfọ̀ á kọjá, á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà mìíràn, á kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìsí ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án. Wọ́n á bomi sí i, á dìde, tó bá tún di ọ̀sán, á tún sùn. Lọ́jọ́ tí Olójú-irin ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Orogún gbé ike sókè, ó rí gbòǹgbò funfun tó rọ̀ jáde nísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Ó pe Olójú-irin. Fóònù ní ẹni tí wọ́n ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó tún pè. Ohùn obìnrin kan náà ló dá a lóhùn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Ìyá Àgbà," ó ní bó ṣe ń jáde. "Màá tún pè é tí mo bá dé ibi iṣẹ́."

"Ta ní fẹ́ fọwọ́ kàn án? Máa lọ."

Ṣùgbọ́n bó ṣe di ọ̀sán tí òdòdó tún sùn, àánú ṣe Ìyá Àgbà. Ó tún rò ó pé kí ọmọkùnrin yẹn dé, kó bá òdòdó tó tóbi bí agbòjò. Kí Alágbàfọ̀ rí i, kí ẹnu rẹ̀ wọhò. Èèyàn ń pe ọkùnrin láti ìsàlẹ̀ odò torí ìkòkò? Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù.

Nírọ̀lẹ́, Orogún dúró níwájú ìkòkò náà, kò tíì bọ́ báàgì léjìká.

"Ìyá Àgbà, kí ló ṣe òdòdó yìí?"

"Ó ń sinmi ni."

"Ó ń sinmi?"

"Bí ìwọ bá kó lọ sílé tuntun, ṣé o ò ní sinmi?"

Orogún ki ìka bọ erùpẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fa orí sẹ́yìn. "Kí lẹ kó sí i?"

"Ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Díẹ̀ tó pọ̀."

"Ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀ dà?"

"Ọmọ mi, ìkòkò aṣọ ni. Tó bá nihò, báwo la ó ṣe máa se aṣọ nínú ẹ̀?"

Orogún rọra jókòó sílẹ̀. Kò sunkún. Ìyá Àgbà ì bá fẹ́ kó sunkún, torí a máa ń rí nǹkan ṣe sí ẹkún. A ó nu ojú, a ó gbá a mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kàn ń wo òdòdó. "Ìyá Àgbà," ó ní, "Sátidé ló ń bọ̀."

"Mo mọ̀."

Ìyá Àgbà ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, ìyẹn ni pé ó tún bomi sí i. Ewé tó kọ́kọ́ rọ wá ń pọ́n rúsúrúsú. Igi rẹ̀ dẹ̀ nídìí. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ìyá Àgbà wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni tó tì í. Oúnjẹ kò wọlé sí i lẹ́nu, ìyẹn nìkan sì tó láti dẹ́rù ba gbogbo ilé.

Alágbàfọ̀ ló wá dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń wá ìkòkò rẹ̀.

"Ta ló gbé…" Ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ewé kan sókè pẹ̀lú ìka méjì, ó tẹ ìdí igi wò. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ méjèèjì wọ́ ìkòkò náà tòun ti ẹrẹ̀, ó wọ́ ọ wọ yàrá ìlọṣọ, ó sì fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Orogún lọ da ìdọ̀tí nù. Nínú garawa ìdọ̀tí, àwọn òdòdó aláró náà ló bá níbẹ̀, tòun ti igi wọn gígùn gbọọrọ, ojú àlùmọ́gàjí hàn lára wọn kedere.

"Ó ti gé e," ó sọ fún Ìyá Àgbà, ohùn rẹ̀ kò ga. "Kò tiẹ̀ dúró kó kú fúnra rẹ̀."

Láti àárọ̀ yẹn, ọmọ kò bá ìyá sọ̀rọ̀ mọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ba dígí oníbàárà kan jẹ́ lórí ẹ̀rọ, ọ̀gá rẹ̀ sì ní bó bá ń lọ báyìí, ìdánwò yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà, ó ń yí òrùka ìka rẹ̀ kiri.

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín, ẹ má sọ fún un."

"Ẹnu mi? Ẹnu mi dà bí sàréè."

"Sàréè tó ní fèrèsé." Orogún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde tán. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò níyè méjì nípa ìyẹn. Àmọ́ tó bá dé lọ́jọ́ Sátidé tó ní kí n máa bọ̀, mo máa fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ láàárín. Tí n ò bá tẹ̀ lé e, ó máa lọ. Nígbà tí mo rí òdòdó nínú garawa yẹn, inú bí mi, àmọ́ ibì kan wà nínú mi tó sọ pé ó ti bọ́ lọ́rùn mi. Irú èèyàn wo ni mí?"

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"N ò tíì sọ."

Ìyá Àgbà fà á mọ́ra, ó sì wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó wọ̀ ọ́, ó lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè, ó ní bó ṣe olè ni òun yóò jà, òun yóò hú pẹtúníà mìíràn wálé. Ó dé ibi tí ọ̀gá ibùdókọ̀ gbin tirẹ̀ sí. Pupa àti funfun ló kù níbẹ̀, kò sí aláró kan. Ó ní pupa náà á ṣe é, bóyá Olójú-irin kò ní fi awò sójú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti hú u, ẹ̀yìn rẹ̀ há, kò lè nà mọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ méjì ló fà á dìde bí àpò ìrẹsì. Ọ̀gá ibùdókọ̀ bi í pé kí ló ń wá nísàlẹ̀. Ó ní òun ń kí òdòdó ni.

Nígbà tó dé, ó wọlé tọ ọmọ rẹ̀ lọ láìkànlẹ̀kùn. Ẹ̀wù dókítà kan wà lórí tábìlì, èéfín bo ojú Alágbàfọ̀.

"O gé òdòdó ọmọ."

"Mo gé e, Màmá."

"Ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ?"

"Ẹ bá mi mú ẹ̀wù yẹn."

Ìyá Àgbà mú un. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Gbogbo ayé mọ̀. Tó o bá fẹ́ gé nǹkan, èmi ni kó o gé, má fi ọmọ jìyà mi."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sí ìdúró. Ó wo ìyá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. "Lára yín, Màmá," ó ní, "ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó rí i rín. Ó jáde. Kò ronú láti wo abẹ́ tábìlì, níbi tí òkùnkùn wà.

Ọjọ́ Sátidé pé. Olójú-irin dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ti gbẹ, oòrùn ti sun ún dúdú, wáyà sì tún ti wà láàárín awò ojú rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí ìyá, ó kí Ìyá Àgbà, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sí ojú fèrèsé. Àmì róbótó tí ìdí ike ti fi síbẹ̀ ló bá. Ó tún wo Orogún. Orogún ń wo ilẹ̀.

Kò yọ bàtà rẹ̀. Ìyá Àgbà rí i pé kò yọ ọ́.

"Ọmọ mi," ó bẹ̀rẹ̀, "àgbàyà tó wà níwájú ẹ yìí…"

"Màmá, ẹ dúró ná," Alágbàfọ̀ ní.

Ó wọ yàrá ìlọṣọ. Wọ́n gbọ́ tó ń wọ́ nǹkan lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó jáde, ìkòkò amọ̀ kékeré kan ló gbé dání, tó fi ìbú ìka kan péré fẹ̀ ju ike àtijọ́ lọ. Kò sí òdòdó kankan nínú rẹ̀. Kùkùté igi kéékèèké ló wà níbẹ̀, tí wọ́n gé sílẹ̀ pátápátá. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté kọ̀ọ̀kan, ọ̀mùnú tútù ti yọ, kò tóbi ju etí eku lọ.

Olójú-irin gbà á, ó gbé e sókè, ó wo ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ erùpẹ̀.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni." Alágbàfọ̀ ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Wọ́n yọ ọ́ nígbà tó ń tanná, lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì fún un nílé tó tóbi jù ú lọ, tí omi ò ríbi jáde. Gbòǹgbò ẹ̀ ti ń rà. Mo fọ̀ ọ́, mo gé èyí tó ti rà kúrò, mo wá gé orí ẹ̀ náà. Gbòǹgbò díẹ̀ ò lè bọ́ ẹnu púpọ̀. N ò mọ̀ bóyá ó máa yè, ìyẹn ni n ò ṣe sọ."

"Ẹ ní ẹ ò ní bomi sí i, mà."

"N ò bomi sí i púpọ̀."

Orogún ti gbójú sókè. "Màmá, ibo lẹ ti mọ èyí?"

"Nínú gbogbo ilé tí bàbá ẹ gbé mi lọ. Kò síbi tí mi ò ti gbin irú ẹ̀ sójú fèrèsé. Mo máa ń ní kó jẹ́ ká dúró kó tanná tán, kí n gé e, kí n tó ṣí i nídìí. Ó máa ń dúró nígbà mìíràn. Èyí tó kẹ́yìn, ó kún bí àpò, bàbá ẹ ní kànga ò ní dúró dè wá. Ká tó débi tí à ń lọ, ó ti kú nínú ọkọ̀. N ò gbin nǹkan kan mọ́."

"O ò sọ fún mi rí," Ìyá Àgbà ní.

"Ẹ ò bi mí rí, Màmá."

Ìyá Àgbà wá ibi tí yóò fi ìdí lé. Ó rántí àwọn ọdún yẹn. Ó máa ń béèrè owó ilé, ó máa ń béèrè oyún, ó máa ń béèrè bóyá ọkọ ń jẹun. Kò rántí pé òun béèrè ohun tó wà lójú fèrèsé.

Alágbàfọ̀ fa àga kan, ó fi aṣọ nù ún. "Jókòó," ó wí fún Olójú-irin. Ọkùnrin náà yọ bàtà rẹ̀, ó jókòó, ìkòkò sì wà lórí itan rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Mà, ohun tí mo bá wá ni pé…"

"Mo fẹ́ ẹ," Orogún dá a dúró. "Kí gbogbo yín gbọ́. Àmọ́ n ò lè bá ẹ lọ báyìí. Ìdánwò mi kù. Tí mo bá fi í sílẹ̀ láàárín, n ò mọ̀ bóyá màá tún rí i bẹ̀rẹ̀."

Olójú-irin yíjú sí i. Ó dùn ún, ó hàn. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá ní kànga ò ní dúró."

Olójú-irin yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú, wáyà náà sì wọ́ síbì kan. "Ojú irin náà kì í dúró," ó wí níkẹyìn. "Tí mo bá ní ó ń dúró, mo purọ́. N ò lè kọ ipò yẹn. Àmọ́ mo lè lọ ṣáájú. Mo lè máa wá ilé. Tí àkókò bá tó, màá wá mú ẹ."

"Ta ló máa sọ pé àkókò tó?" Alágbàfọ̀ béèrè.

"Òun ni, mà."

"Tó bá pẹ́ ńkọ́?"

"Á dùn mí," Olójú-irin ní. "Àmọ́ màá dúró."

"Ó dáa náà," Ìyá Àgbà ní, ó fẹ́ kí ara dẹ gbogbo wọn, "èmi ni màá kó ẹrù ìyàwó nígbà náà. Mo ní ìkòkò kan tó…"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó. Ó pa ẹnu dé.

Alágbàfọ̀ na ọwọ́, ó gba òdòdó lórí itan ọkùnrin náà, ó gbé e padà sójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí oòrùn kò ti ní jó o. Ó fi ìka kan yí ìkòkò náà díẹ̀ kí àwọn ọ̀mùnú lè kọjú síta. Kò yí padà nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi kì í tètè sọ pé nǹkan ń ṣe òun. Lọ́jọ́ tó bá wà lọ́dọ̀ ẹ, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tó o dé tó o bá a tó rọ lọ́sàn-án, ṣé omi lo máa kàn bù sí i, kó o padà síbi iṣẹ́ ẹ, àbí wàá jókòó, kó o wo ìdí gbòǹgbò ẹ̀?"